Ta Ló Ní Kí O Wá Ààrò?

Ìwọ ọmọ yìí, wá jókòó. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo gbọ́ pé o ń sọ kiri pé kò sí bí o ṣe lè ṣe ìpanu fún àwọn ọmọ rẹ nílé, nítorí pé o kò ní ààrò búrẹ́dì, iná kò dúró, gáàsì sì ti gbówó lórí. Ta ló ní kí o wá ààrò? Ta ló sọ fún ọ pé ohun tó bá ti inú ààrò jáde nìkan ni ọmọ lè fi panu? Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mí, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọ wí, màá sì bá ọ wí dáadáa lónìí. Ìfẹ́ ló fà á. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, ṣe ni mo máa dákẹ́, kí n máa wò ọ́.

Mo yẹ inú àpò ìwé ọmọ rẹ ọkùnrin wò láàárọ̀. Bísíkíìtì ni mo rí, súwíìtì ni mo rí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ike ni mo rí. Ọmọ tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní kùtùkùtù, tí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ lù títí dé ilé ìwé, tó máa jókòó ní kíláàsì títí oòrùn fi máa kan àtàrí, ìyẹ̀fun funfun àti ṣúgà lo dì fún un! Yóò jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò dùn. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ebi ti tún dé, ojú rẹ̀ ti ń wúwo, olùkọ́ rẹ̀ á ní ó ń tòògbé. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ohun tó jẹ kò lè gbé e dé ọ̀sán ni.

O ní owó ni kò sí. Owó bísíkíìtì ojoojúmọ́ ńkọ́? Kó o jọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí o wá kà á lójú mi. Owó wà lọ́wọ́ rẹ, ibi tí o ń ná an sí ni mò ń bá ọ jà lé lórí.

Ṣé o mọ àádùn? Mi ò bi ọ́ bóyá o ti jẹ ẹ́ rí. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwọn ìyá wa nílẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì kò gbé àádùn wọ ààrò kankan rí. Àgbàdo gbígbẹ ni wọ́n ń yan nínú ìkòkò lásán, láìsí epo, láìsí omi, títí yóò fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á kù ú. Wọ́n á bu iyọ̀ àti ata gbígbẹ sí i, wọ́n á wá máa ta epo pupa sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó títí yóò fi dì mọ́ra. Ó tán. Wọ́n á fi ewé dì í, ọmọ á mú tirẹ̀ lọ sóko, àgbàlagbà á mú tirẹ̀ rìnrìn àjò. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ó wà lára ohun tí wọ́n ń kó kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ohun tí a fi ń gbàdúrà fún ọmọ tuntun, òun ni ìwọ ń pè ní oúnjẹ àtijọ́.

Yà sọ́dọ̀ àwọn Hausa náà. Dáńkúwà tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọjà, kí ni wọ́n fi ṣe é? Àgbàdo yíyan, ẹ̀pà yíyan, atalẹ̀, ata àti ṣúgà. Wọ́n gún un pọ̀, wọ́n ṣù ú róbótó. Kò sí ààrò níbẹ̀ náà. Àwọn ìpanu gígùn gbọọrọ tó ń ti òkè òkun wá, tí o ń fi hàn mí lórí fóònù rẹ, tí wọ́n ń tà ní owó gegere l'Ékòó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọ́ọ́tì, ẹ̀pà àti oyin lọ, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n gé e ni.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo rẹ̀, fi sọ́kàn: ohun tó bá ti jinná tẹ́lẹ̀ kò wá ààrò mọ́. Ó ku kí o rí ohun tí yóò so ó pọ̀. Epo pupa ló ń so àádùn pọ̀. Òróró inú ẹ̀pà àti ṣúgà ló ń so dáńkúwà pọ̀. Èmi ń fi dàbínò àti ẹ̀pà lílọ̀ so tèmi pọ̀, oyin díẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Bí o bá ti mọ èyí, o lè fi ohunkóhun tó bá wà nílé ṣe é.

Kí ló wà nílé wa? Ìlàjẹ ni wá o. Àgbọn wà létí òkun wa. Gbágùúdá la fi ń ṣe púpurù, òun náà la fi ń ṣe gààrí. Edé wa ń lọ sí ọjà tí ojú wa kò tó. Epo pupa ń ti Òkìtìpupa sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ẹ̀pà àti dàbínò ń ti Òkè Ọya wá, ọkọ̀ ń já wọn ní Igbókọ̀dá, o sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ oníbísíkíìtì. Àwọn àgbà ní ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gi a máa náání èpo igi. Ìwọ, kí lò ń náání?

Mo mọ̀ pé nǹkan le. Má rò pé ojú mi fọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Oǹdó ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá nínú òkùnkùn láìrí iná ìjọba. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Omi ló yí wa ká, síbẹ̀ omi mímu ń wọ́n wa, nítorí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Òjò la ń gbójú lé. Ìdí tí mo fi ń pariwo gan-an nìyẹn. Oúnjẹ tí kò wá iná mànàmáná, tí kò wá fíríìjì, tí kò sì wá omi, ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ?

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn fún ọ dáadáa, kí o má baà rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ní ọdún 1996, dókítà ọmọdé kan ará Faransé, André Briend, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Michel Lescanne, ṣe oúnjẹ kan tí wọ́n pè ní Plumpy'Nut. Ẹ̀pà lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi mílíìkì gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti fítámì kún un. Kí wọ́n tó ṣe é, mílíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ omi ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìjẹunkánú ti mú rù hangogo. Ibi tí omi kò bá ti mọ́, àrùn á bá omi wọlé, mílíìkì pípò á sì tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà lílọ̀ kò ní omi nínú, nítorí náà kòkòrò àrùn kò rí ibi tí yóò ti máa bí sí i. Ìyá lè gbé e lọ sílé, kó fi bọ́ ọmọ láìdá iná rárá. Nígbà tí ìyàn mú ní Niger lọ́dún 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n fi oúnjẹ yìí tọ́jú.

Mi ò ní kí o lọ ra ìyẹn o. Ìtọ́jú ni fún ọmọ tí àìjẹunkánú ń bá jà, àwọn elétò ìlera ló ń fún ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé níbi tí omi ti jẹ́ ìṣòro, oúnjẹ tí kò ní omi ni ààbò. Torí náà, nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ yìí, bí o bá fi omi kankan sí i, màá gbá ọ lọ́wọ́.

Ó yá, fetí sílẹ̀. Agolo mílíìkì kékeré ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀pà yíyan tí o ti bó, agolo méjì. Dàbínò, agolo méjì. Àgbọn tí o rin, agolo kan. Gààrí tó gbẹ dáadáa, agolo kan. Bí o bá ní ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan ti àádùn nílé, ó lè rọ́pò gààrí. Oyin, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, bí ìlàjì ṣíbí kékeré. Iyọ̀ tí o fi ìka méjì mú. Bí o bá rí yànmọ̀tí, yan díẹ̀ dà sí i, ó dára fún egungun ọmọ.

Àgbọn ni kí o kọ́kọ́ mú. Fọ́ ọ, fún àwọn ọmọ ní omi rẹ̀ mu. Yọ ọ́ kúrò nínú èèpo líle, fi agolo tí o dá ihò sí lára rin ín. Má kàn dà á sínú ìpanu bẹ́ẹ̀ o! Àgbọn tútù kì í pé kó tó kan nínú ooru wa yìí, pàápàá tí kò bá sí fíríìjì. Gbé ìkòkò kaná, jẹ́ kí iná rẹ̀ rọlẹ̀, da àgbọn sí i láìfi epo sí i, kí o máa rò ó. Má kúrò nídìí rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa yọ èéfín omi, lẹ́yìn náà yóò máa yí àwọ̀ padà. Nígbà tó bá gbẹ háúháú, tó pọ́n díẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀. Da gààrí sínú ìkòkò gbígbóná kan náà, yí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè gbẹ dáadáa. Iná tí o máa lò lẹ́yìn èyí kò tó nǹkan.

Dàbínò tó ń dé ọ̀dọ̀ wa máa ń le. Mo mọ̀ pé omi ló ń wá sí ọ lọ́kàn láti fi rẹ ẹ́. Rárá! Yọ kóró inú rẹ̀, dà á sínú ajọ̀, gbé ajọ̀ náà lé orí ìkòkò ìrẹsì tí o ń sè fún oúnjẹ alẹ́, kí o fi ọmọrí dé e. Ooru ìrẹsì yóò rọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ooru ara rẹ̀ fò lọ, kí o wá dà á sínú odó. Gún un títí yóò fi di ọ̀kan ṣoṣo, tí yóò lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó tí yóò máa bá a gòkè. Ìgbà yẹn ló tó.

Ẹ̀pà, pín in sí méjì. Gún ìdajì wẹ́wẹ́, kí eyín lè rí nǹkan rún. Lọ ìdajì kejì kúnná títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde. Gbé ẹ̀pà lílọ̀ yìí àti oyin sórí iná tó rọlẹ̀, kí o rò ó pọ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́ tí yóò máa ṣàn. Sọ ọ́ kalẹ̀. Fi dàbínò sí i, kí o pò ó. Da ẹ̀pà wẹ́wẹ́, àgbọn, gààrí, atalẹ̀ àti iyọ̀ lé e lórí. Fọ ọwọ́ rẹ, nù ún gbẹ, kí o wá fi ọwọ́ náà pò ó dénú dénú.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, fún un, kí o ṣí ọwọ́. Bí ó bá dúró, tí ojú ìka rẹ hàn lára rẹ̀, tí òróró díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ, ó ti tó. Bí ó bá rún, ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan ló kù kí o fi kún un. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ jù, gààrí ló kù. Tẹ́ ewé tó mọ́ tàbí ọ̀rá tó mọ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, fi epo ra á díẹ̀, da gbogbo rẹ̀ sí i. Mú ìgò tó mọ́, yí i lórí rẹ̀ kó tẹ́. Lẹ́yìn náà, fi gbogbo agbára rẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń kùnà nìyí: wọn kì í tẹ̀ ẹ́ tó. Fi àwo mìíràn bò ó, gbé nǹkan tó wúwo lé e, kí o lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fi ọ̀bẹ gé e gbọọrọ gbọọrọ, ìwọ̀n ìka méjì. Yóò tó nǹkan bí ogún.

Àgbàlagbà tí kò fẹ́ ohun dídùn ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, nígbà tó bá ń lọ sójú omi? Padà sórí àádùn. Ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, epo pupa, ata, iyọ̀, kí o wá gún edé gbígbẹ tiwa dà sí i. Tẹ̀ ẹ́ sínú àwo bí mo ṣe sọ, kí o gé e. Ẹni tó bá jẹ méjì pẹ̀lú omi tútù lórí ọkọ̀, ebi kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́ gan-an nìyí. Mú ojú rẹ kúrò lára ògiri, wò mí. Gbogbo bí a ṣe ń pò ó, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ kan. Ṣíṣa ẹ̀pà ni iṣẹ́.

Bí o bá ra ẹ̀pà, kí o tó yan án, dà á sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà. Jókòó tì í. Fi ìka tẹ́ ẹ kó má gorí ara wọn. Èyí tó bá rún jọ, yọ ọ́. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú tàbí tó ní àbàwọ́n, yọ ọ́. Èyí tí kòkòrò ti jẹ lára, yọ ọ́. La ọ̀kan sí méjì wò: bí o bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, olú ti hù sí i nìyẹn, ibi tó sì ti hù sí ọ̀kan, àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá yan án tán, tọ́ díẹ̀ wò: èyí tó bá korò lẹ́nu, tu ú dànù, má gbé e mì. Kóńgò tó bá jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kí o dà nù. Má sọ fún mi pé owó ni.

Kí ló dé tí mo fi ń le báyìí? Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, 100,000, tó kú, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá a dé ìdí, oúnjẹ wọn ni: ẹ̀pà tó ti Brazil wá, tí olú ti hù sí. Olú yìí ló ń tu májèlé kan tí wọ́n wá sọ ní aflatoxin. Kì í ṣe ẹ̀pà nìkan ló ń bá jà, ó ń bá àgbàdo náà jà. Ní ọdún 2004, ní ìlà-oòrùn Kenya, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ sí ibi ọ̀rinrin ni àwọn èèyàn jẹ. 125 èèyàn ló kú. Tí kò bá pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tó bá ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B tẹ́lẹ̀.

Má sì wí fún mi pé iná máa pa á. Yíyan kò pa májèlé yìí tán. Lílọ̀ kò pa á. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, torí ẹ̀pà tó ti di lílọ̀, ta ló tún lè mọ èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀? Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí o máa ra ẹ̀pà lílọ̀ tí o kò mọ ẹni tó ṣà á. Àwọn onímọ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti bá àwọn àgbẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ, Aflasafe lorúkọ rẹ̀: irú olú kan náà tí kò ní májèlé ni wọ́n ń fọ́n sóko, kó lè gba àyè mọ́ èyí tó ní májèlé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ kò mọ oko tí ẹ̀pà tí o rà ti wá, ojú àti ọwọ́ rẹ ni Aflasafe tìrẹ.

Ilẹ̀ wa wá ni ilẹ̀ ọ̀rinrin. Ẹ̀pà tó gbẹ nígbà tó kúrò lókè lè rọ̀ lọ́wọ́ wa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Má ra ẹ̀pà púpọ̀ pa mọ́ sínú àpò lórí pákó ilé, níbi tí omi wà nísàlẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ ń gba àárín pákó wọlé. Ra ìwọ̀n tí o máa lò, ṣà á lọ́jọ́ náà, yan án lọ́jọ́ náà. Ìpanu tí o bá ti gé tán náà, dì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sínú ike tí ọmọrí rẹ̀ dé mọ́ ọn dáadáa. Yóò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá ṣí i tí òórùn epo tó ti bàjẹ́ jáde, tàbí tí o rí ohunkóhun tó hù lára rẹ̀, má gé apá kan sọnù kí o jẹ apá kejì. Dà á nù.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà wà nílẹ̀. Ìwọ ni mo gbọ́ tó ń sọ pé oyin kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ni, ọmọ mi. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ṣúgà tí a ń bù sí oúnjẹ, oyin pẹ̀lú rẹ̀, má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ wa ń fún wa lọ, pé bí ó bá lè jẹ́ ìdajì ìyẹn ló dára jù. Fún àgbàlagbà, ìdajì yẹn kò ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́fà. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè kọjá ìyẹn, ọmọ rẹ kò sì tí ì tó àgbàlagbà. Ní ọdún 2022, ìjọba wa pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ṣíbí mẹ́ta ni mo ní kí o fi sínú gbogbo àwo yẹn, ẹni ogún ló sì máa jẹ ẹ́. Dàbínò ni kó ṣe ìyókù adùn. Èso ni, ó ní ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ nínú ikùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín ṣá, kí àwọn ọmọ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan ti tó ọmọ kan lójúmọ́. Ẹ̀pà àti àgbọn ní ọ̀rá, agbára pọ̀ nínú wọn. Kò sì gba ipò ẹja àti ẹ̀fọ́ o! Bí mo bá gbọ́ pé ìpanu lo fi rọ́pò oúnjẹ alẹ́, a jọ máa rìn ín ni.

Ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, tí kò tí ì pé ọdún kan, oyin kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn àgbà lè borí, tó sì lè rọ ọmọ ọwọ́ lápá, kó rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tó wà láàárín ọdún kan sí márùn-ún, má fún un ní ẹ̀pà wẹ́wẹ́, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Lọ gbogbo rẹ̀ kúnná fún un, kó sì jókòó jẹ ẹ́, kó má máa sáré kiri. Ọmọ tó bá jẹ ẹ̀pà nígbà àkọ́kọ́, ṣọ́ ọ. Bí ètè rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ sú, tàbí tí mímí di ìjàkadì, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Má dúró wá ẹnikẹ́ni bèèrè.

O tún fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹnìkan. Ta ló ní kí o dá a ṣe? Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tó tẹ Ayétòrò dó lọ́dún 1947, ṣé ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe ni? Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kó èrè sínú àpò kan, wọ́n sì sọ etí òkun lásán di ìlú tí ayé ń wá wò. Ìwọ àti obìnrin mẹ́rin ládùúgbò kò lè jókòó pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta? Kí ọ̀kan mú ẹ̀pà wá, kí ọ̀kan mú àgbọn, kí ọ̀kan mú odó. Bí ẹ bá jọ ṣà á, ojú mẹ́wàá ló ń wo ẹ̀pà yẹn, ohun tí tìrẹ kò rí, tẹlòmíràn á rí i. Ìpanu ọ̀sẹ̀ kan á ti wà nílé ẹ̀yin márààrún kí oòrùn tó wọ̀.

Kí o sì pe ọmọ rẹ ọkùnrin sí ìdí atẹ. Má sọ pé obìnrin nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọkùnrin kò yàtọ̀ sí ti obìnrin. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ mọ ẹ̀pà tó dára àti èyí tó bàjẹ́, kó mọ ìdí tí a fi ń da èyí tó bàjẹ́ nù bó ti wù kí ebi máa pa wá tó. Ibikíbi tó bá wọ ọkọ̀ lọ lọ́la, bó jẹ́ Èkó, bó jẹ́ òkè òkun, ẹ̀pà wà níbẹ̀, kò sì ní sí ìwọ tàbí èmi níbẹ̀ láti bá a ṣà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Màá wá, màá jókòó tì yín, màá sì máa wo ọwọ́ yín.